Àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀: Abo ẹṣin etíkun tí kò gbà kí ọwọ́ kan etí rẹ̀

Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè é. Abo ẹṣin pupa ni, ilà funfun tín-ín-rín kan gba iwájú orí rẹ̀ wálẹ̀ dé imú. Dókítà ẹranko tó wo eyín rẹ̀ ní kò lè ju bí ọmọ ọdún 9 lọ. Láti Katsina ni wọ́n ti fi tírélà gbé e wá sí Èkó, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa gbé àwọn tó wá ṣeré létíkun kiri lórí iyanrìn ní Victoria Island, pàápàá láti ọjọ́ Ẹtì títí di ọjọ́ Àìkú. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan wọ́n á háyà rẹ̀ fún ìgbéyàwó tàbí ọjọ́ ìbí. Ẹ̀gbọ́n tó ni ín tún ní in lọ́kàn láti mú un lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde fún Ojúde Ọba, tó máa ń wáyé ní ọjọ́ kẹta Iléyá, níbi tí àwọn ìdílé Balógun ti ń gun ẹṣin wá kí Awùjalẹ̀.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé kì í gba ìjánu. Bí ọwọ́ bá ti ń kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sókè báyìí, á gbé orí sókè fòò, funfun ojú rẹ̀ á yọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn. Ó ti gé ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin tó ń fa ẹṣin jẹ léjìká. Ó ti dìde lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì nígbà tí oníbàárà wà lórí rẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ iyanrìn tó rọ̀ ni ẹni náà ò fi ṣèṣe. Kí wọ́n tó lè fi ìjánu sí i lẹ́nu láàárọ̀, ọkùnrin 3 ní í dì í mú. Ọ̀kan á fa okùn. Ọ̀kan á fi okùn kékeré tí wọ́n so mọ́ igi wé ètè òkè rẹ̀, á máa lọ́ ọ títí tí kò fi ní lè mira mọ́. Ẹnì kẹta á wá fi ipá ti irin bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Alágídí ni gbogbo ọgbà náà kà á sí. Nígbà tí wọ́n fi máa pè mí, Ẹ̀gbọ́n ti ń bá àwọn tó ń ra ẹṣin fún pípa dúnàá-dúrà.

Iṣẹ́ tèmi ni kíkọ́ ẹṣin àti kíkọ́ àwọn tó ń gùn ún. Mo bẹ Ẹ̀gbọ́n pé kó dá ọ̀rọ̀ títà yẹn dúró ná, kó jẹ́ kí dókítà ẹranko kọ́kọ́ wò ó. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìwà ẹṣin kí n tó mọ ohun tó ń ṣe é lára. Ẹṣin kò lẹ́nu tó máa fi sọ pé ibí ń dun òun, ara ló fi ń sọ ọ́, àwa tó ń gbọ́ ló sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí àfojúdi.

Dókítà fún un ní abẹ́rẹ́ tó mú ara rẹ̀ rọ̀, ó fi irin la ẹnu rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Eyín àgbà abo ẹṣin máa ń wà láàárín 36 sí 40. Ti akọ lè tó 44. Àwọn eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà kì í dáwọ́ yíyọ dúró, jíjẹ koríko ló ń bó wọn díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n má baà gùn jù. Ṣùgbọ́n àgbọ̀n òkè ẹṣin fẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà apá ibi tí eyín òkè ti kọjú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í bó tó ìyókù, ibẹ̀ ló sì ń mú. Ẹṣin tó ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí jẹ koríko gígùn á máa lọ̀ ọ́ láti ọ̀tún sí òsì, ìyẹn á máa pa mímú eyín náà. Dùsà, ìyẹn èèrí ọkà, ni wọ́n ń fún Àbẹ̀kẹ́ jù, pẹ̀lú ewé ẹ̀pà gbígbẹ tí kò tó nǹkan, dùsà kì í sì í gba kí ẹṣin jẹun pẹ́. Eyín tí a bá lẹ́nu rẹ̀ mú bí abẹ. Ọgbẹ́ wà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lápá méjèèjì, ti òsì ló burú jù. Awọ ìjánu sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn kọjá. Nígbàkígbà tí wọ́n bá dì í, ẹran ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́ eyín.

Irin tí wọ́n ń fi sí i lẹ́nu pàápàá ní ọ̀rọ̀ nínú. Láàárín eyín iwájú àti eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹṣin, àlàfo kan wà tí kò ní eyín kankan. Ibẹ̀ ni irin ìjánu máa ń jókòó sí, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló sì bo eegun níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń lò fún Àbẹ̀kẹ́ ní òrùka tó yí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ká, irin rẹ̀ sì gbé sókè lórí ahọ́n, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá fa okùn díẹ̀, á gún àjà ẹnu. Lọ́wọ́ ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n lò, ìka kan ṣoṣo ti tó láti fi irú irin yẹn dá ẹṣin dúró, kò sì ní pa á lára. Ṣùgbọ́n ta ló ń gun ẹṣin létíkun lọ́jọ́ Àìkú? Ẹni tí kò gun ẹṣin rí láyé rẹ̀ ni, tẹ̀rù ń bà, tó di okùn ìjánu mú girigiri kó má baà ṣubú. Gbogbo ìwúwo ẹni yẹn, ẹnu ẹṣin ló ń rọ́ lé. Àpá wà lórí eegun náà lápá méjèèjì.

Ẹ̀yìn rẹ̀ náà bó níbi tí gàárì ń jókòó sí. Wọ́n máa ń mú un wọ òkun kí ara rẹ̀ lè tutù, bí omi bá sì gbẹ tán, iyọ̀ àti iyanrìn tó kù lábẹ́ gàárì á máa ha awọ. Dókítà tún gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nítorí pé ó rù, kó lè wò ó bóyá àrùn tí kòkòrò tsetse ń gbé kiri ti wọ̀ ọ́. Àrùn yẹn wà lára ohun tó fà á tí Ọ̀yọ́ fi ń ra ẹṣin ogun láti Òkè Ọya láyé ijọ́hun, torí ẹṣin kì í pẹ́ láyé nílẹ̀ onígbó gúúsù. Ẹ̀jẹ̀ Àbẹ̀kẹ́ mọ́. Dókítà fi fáìlì gígùn rẹ́ eyín rẹ̀, ó ní kò gbọdọ̀ sí irin lẹ́nu rẹ̀ títí ọgbẹ́ yóò fi jinná, kí wọ́n máa fi omi tó mọ́ ṣan iyọ̀ kúrò lára rẹ̀ nígbàkígbà tó bá ti inú òkun bọ̀, kí wọ́n sì fi ewé ẹ̀pà kún oúnjẹ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ owó ti wọlé nìyí, mi ò sì fẹ́ fò ó. Ẹṣin tó wọn 350 kìlógíráàmù nílò bíi 5 sí 7 kìlógíráàmù koríko gbígbẹ lóòjọ́. Ní Victoria Island, kò sí pápá tí ẹnikẹ́ni lè dà á sí. Owó ni wọ́n fi ń ra gbogbo ohun tó ń jẹ. Ẹ̀gbọ́n bi mí pé, “Ṣé kí n máa bọ́ ẹṣin tí kò pa kọ́bọ̀ wọlé ni?” Ìbéèrè gidi ni. Àwọn tó ń fa ẹṣin pàápàá, iye ìgbà tí ẹṣin bá gbé ènìyàn ni wọ́n fi ń gbowó, bí ẹṣin bá dúró, àwọn náà ò jẹun. Àdéhùn tí a ṣe ni pé bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti jinná, Màlámù tó ń tọ́jú rẹ̀ á máa fi okùn orí lásán fà á, kò ní sí irin kankan, á máa gbé àwọn ọmọ kékeré lówùúrọ̀ ní apá etíkun tí kò láriwo. Owó yẹn kéré sí ti tẹ́lẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ra oúnjẹ rẹ̀. Ó dá mi lójú pé ẹ̀kọ́ pẹ̀lẹ́ tí kò bá ro ti owó oúnjẹ ẹṣin mọ́ ọn kò lè fìdí múlẹ̀ ní Èkó.

Eyín ti dára, ọgbẹ́ ti ń jinná, síbẹ̀ ẹ̀rù kò kúrò lára rẹ̀. Mo ti retí bẹ́ẹ̀. Ìrora lè tán lára kó má tíì tán lọ́kàn, ẹṣin sì jẹ́ ẹran tí kì í gbàgbé ibi tí nǹkan ti dùn ún.

Ẹran tí àwọn ẹran mìíràn ń pa jẹ nínú ìgbẹ́ ni ẹṣin. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú rẹ̀ wà, ó sì ń fi rí nǹkan bíi dígírì 350 nínú 360 tó yí i ká. Ibi tí kò rí ni ọ̀kánkán iwájú orí rẹ̀ àti ẹ̀yìn ìrù rẹ̀ gan-an. Ọwọ́ tó bá dìde níwájú rẹ̀ tààrà lọ sí etí, á ṣàdédé pòórá mọ́ ọn lójú, ìgbà tó bá máa tún mọ ibi tí ọwọ́ náà wà, ó ti dé ibi tó ń bà á lẹ́rù. Ìdí nìyẹn tí mo fi pinnu pé láti ẹ̀gbẹ́ èjìká ni a ó ti máa tọ̀ ọ́ lọ, apá ọ̀tún ni a ó sì ti bẹ̀rẹ̀, torí òsì ni ọgbẹ́ ti pọ̀ jù.

Òwúrọ̀ kùtùkùtù àti ìrọ̀lẹ́ la fi ń ṣe é, kí oòrùn tó mú tàbí lẹ́yìn tó bá ti rọ̀. Níbẹ̀rẹ̀, mi ò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé àpótí ìjókòó wọ inú ọgbà kékeré tó wà, mo jókòó, mo fi ẹ̀gbẹ́ sí i, mi ò tẹjú mọ́ ọn. Ó ń jẹ ewé ẹ̀pà rẹ̀. Etí rẹ̀ ni mò ń wò. Etí ẹṣin lè yí kiri lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ibi tí etí bá sì kọjú sí lọkàn rẹ̀ wà. Etí òsì rẹ̀ kò kúrò lọ́dọ̀ mi fún àkókò tó gùn, èyí ọ̀tún wà lọ́dọ̀ àwọn ẹṣin yòókù.

Màlámù ń wò wá láti ẹnu ọgbà. Àgbà ni, ó ti ń tọ́jú ẹṣin létíkun láti ìgbà Bar Beach, kí wọ́n tó fi iyanrìn dí òkun níbẹ̀ fún Eko Atlantic. Ó ní, “Àǹtí, ṣé jíjókòó ni ẹ̀kọ́ ọ̀hún?”

Mo ní, “Ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ wá bá wa, Màlámù.”

Ó wá lóòótọ́, kì í ṣe lọ́jọ́ náà. Ó gbóòórùn èjìká mi, ó gbóòórùn irun mi, ó tún padà sídìí oúnjẹ rẹ̀. Mi ò gbọ́wọ́. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ó wá, ó sì rí i pé wíwá òun kò yọrí sí pé wọ́n mú òun.

Lókè èjìká, níbi tí gọ̀gọ̀ parí sí, ni àwọn ẹṣin ti máa ń fi eyín ha ara wọn bí wọ́n bá jọ dúró. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Faransé, tó jáde ní 1993, fi hàn pé bí ènìyàn bá ha ẹṣin níbẹ̀, ìlù ọkàn rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Ọkàn àgbà ẹṣin tó ń sinmi máa ń lù láàárín ìgbà 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan, ènìyàn sì lè fi àtẹ́lẹwọ́ mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ìgúnpá òsì rẹ̀. Mo fi ìka ha Àbẹ̀kẹ́ níbẹ̀, mo rọra tẹ̀ ẹ́. Ètè òkè rẹ̀ gùn síwájú, ó ń gbọ̀n, ọrùn rẹ̀ wálẹ̀. Màlámù rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní òun ò rí ètè yẹn rí láìsí okùn lára rẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ sí ọrùn, díẹ̀díẹ̀, sí ìhà etí. Ibí gan-an ni èmi àti Màlámù ti kọ́kọ́ kò ara wa lójú. Bí ọwọ́ mi bá dé ibì kan tí mo rí i pé ara rẹ̀ fẹ́ le, tí mo rí i tí kò mí dáadáa mọ́ tàbí tí ojú rẹ̀ dúró sójú kan, mo máa ń dúró níbẹ̀. Bó bá tú èémí sílẹ̀, tó jẹ́ kí ọrùn rẹ̀ rọ̀, ojú ẹsẹ̀ ni mo máa mú ọwọ́ kúrò pátápátá, tí mo sì máa yí ẹ̀yìn padà. Màlámù ní ìyẹn ò dáa. “Bẹ́ ẹ bá ń mú ọwọ́ kúrò, á rò pé òun ti ṣẹ́gun yín.”

Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ rẹ̀, torí ohun tó ń sọ kì í ṣe irọ́. Bí mo bá mú ọwọ́ kúrò nígbà tó gbé orí sókè, òótọ́ ni, ohun tí yóò kọ́ ni pé gbígbé orí sókè ló ń lé ọwọ́ lọ. Bí mo bá mú un kúrò nígbà tó dúró jẹ́ẹ́, dídúró jẹ́ẹ́ ló ń lé ọwọ́ lọ. Ọwọ́ kan náà ni, etí kan náà ni. Ìgbà tí a tú u sílẹ̀ ló yàtọ̀. Kì í ṣe ìfọwọ́kàn ló ń kọ́ ẹṣin, ìtúsílẹ̀ ni. Ohun tó bá ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí ìnira dópin lòun máa gbà pé ó tọ́ kí òun tún ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí pẹ̀lú okùn tí a fi ń fà á: ẹni tó bá ń fa okùn láìsinmi, tí ẹṣin ti gbésẹ̀ tán tí kò sì dẹ̀ ẹ́ fún un, ń kọ́ ọ pé ìgbọràn kò lérè. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tó ń fa ẹṣin pé kí wọ́n máa wo okùn wọn: ó yẹ kó dẹ̀ jù bó ṣe le lọ.

Kí Àbẹ̀kẹ́ tó gbà kí ọwọ́ mi kọjá lórí etí ọ̀tún rẹ̀ lọ títí dé orí, ọ̀sẹ̀ ti gorí ọ̀sẹ̀. Mi ò ní í ṣàpèjúwe gbogbo rẹ̀, ọjọ́ kan ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Etí òsì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí mo fẹ́ dúró lé lórí ni ọ̀nà kejì tí gbogbo ènìyàn ń dámọ̀ràn fún wa, torí òun ló wọ́pọ̀ jù. Wọ́n ní ká so ó mọ́ òpó, ká máa fi aṣọ nà án lójú, ká máa fi ọwọ́ pa etí rẹ̀ títí tó fi máa rẹ̀ ẹ́, pé bó bá ti dákẹ́, ó ti gbà nìyẹn. Mo ti rí ẹṣin tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ó dúró lóòótọ́. Kò tàpá, kò gé ènìyàn jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú rẹ̀: kì í ṣẹ́jú bó ṣe yẹ, imú rẹ̀ fún, àgbọ̀n rẹ̀ le, bẹ́ ẹ bá pè é, etí kan kò ní yí sí yín. Ẹṣin bẹ́ẹ̀ ti sọ ìrètí nù pé ohunkóhun tí òun bá ṣe lè yí ọ̀ràn padà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ò jọ ìfọkàntán rárá, ó sì léwu, torí pé ọjọ́ tí ẹ̀rù bá ju agbára rẹ̀ lọ, kò ní fi àmì kankan hàn kó tó bú jáde. Ẹṣin tó gbé orí sókè ṣì ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ má pa á lẹ́nu mọ́.

Ìwádìí mìíràn wà tí mo sọ fún àwọn ọmọ ọgbà, torí wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa pariwo mọ́ ẹṣin. Ní 2016, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Sussex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi àwòrán ojú ènìyàn han ẹṣin 28. Bí ojú inú àwòrán bá le, àwọn ẹṣin náà máa ń fi ojú òsì wò ó jù, ojú tí ẹṣin sábà máa ń fi wo ohun tó ń bà á lẹ́rù, ìlù ọkàn wọn sì máa ń tètè yára sókè. Àwòrán lásán nìyẹn o. Lẹ́yìn tí mo sọ ọ́ ni ọ̀kan nínú wọn, ẹni tí Àbẹ̀kẹ́ gé jẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í wá jókòó sórí àpótí mi nírọ̀lẹ́, ó kàn ń jókòó ni. Inú mi dùn sí ìyẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Nígbà tí dókítà ní ẹnu rẹ̀ ti jinná, a wá irin mìíràn tó dán, tí kò lórùka, tí kò gbé sókè lórí ahọ́n. Mo fi oyin ra á lára. A kò fi sí i lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn. Ó lá a títí oyin fi tán. Nígbà tó yá, mo fi àtàǹpàkò kan àlàfo tí kò léyín, ó la ẹnu, mo gbé irin síbẹ̀, mo sì yọ ọ́ kó tó ronú pé kí òun tu ú jáde. Awọ orí la kò tíì dì. Ìgbà tí a máa dì í, ihò tó dẹ̀ jù la lò.

Ariwo etíkun ni iṣẹ́ tó kù: sípíkà, bàlúùnù, ìlù, àwọn tó ń fi mọ́tò kékeré sáré lórí iyanrìn. Ọ̀nà kan náà la gbà. A ó dúró síbi tó ti ń gbọ́ orin náà, ṣùgbọ́n tó ṣì lè tẹ orí wálẹ̀ jẹ koríko. Bó bá ti lè jẹun níbẹ̀, a ó sún mọ́ ọn díẹ̀, a ó sì tún padà sẹ́yìn kó tó di pé ó fẹ́ sá. Àwọn ẹṣin àgbà tí kò bìkítà fún ariwo la máa ń mú dúró tì í, ẹṣin iwájú sì ni tẹ̀yìn ń wò sáré.

Nǹkan bàjẹ́ lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde. Èrò pọ̀ létíkun, ẹṣin kò tó, èmi àti Màlámù kò sí níbẹ̀. Ọmọ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà fún ọjọ́ ọdún yẹn rí irin àtijọ́ níbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí, wọ́n di Àbẹ̀kẹ́ mú bíi ti tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fi í ṣiṣẹ́ láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí mo dé, ó ti kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọgbà. Ó gbọ́ ohùn mi, kò yí. Awọ ètè rẹ̀ ti bó lápá òsì.

Ẹ̀gbọ́n bínú, ó sì ṣe ohun tó yẹ: òun fúnra rẹ̀ ló kó gbogbo irin olórùka yẹn jáde nínú ọgbà, ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìjánu sí Àbẹ̀kẹ́ lẹ́nu bí kò ṣe Màlámù. Àṣẹ yẹn ló yí ohun gbogbo padà ju iṣẹ́ tèmi lọ. Títí di ìgbà yẹn, èmi ni mò ń kọ́ ẹṣin náà, Màlámù ń wò mí. Ṣùgbọ́n àlejò ni mí lọ́dọ̀ rẹ̀. Màlámù ló ń fún un lómi láàárọ̀, òun ló ń so ó lálẹ́, òun ló ń yọ òkúta lábẹ́ pátákò rẹ̀, òun ló ń kọrin Hausa fún un nínú òkùnkùn bí iná bá lọ tí jẹnerétọ̀ ò sì ṣiṣẹ́. Ọwọ́ tí ẹṣin ń rí lójoojúmọ́ ló yẹ kó fọkàn tán.

Mo ní, “Màlámù, ẹ̀yin lẹ máa ṣe é látòní.”

Ó ní ọwọ́ òun le. Kò le. Ọwọ́ rẹ̀ dúró ju tèmi lọ, kì í sì í kánjú. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi kún un ni ìgbà tó yẹ kó tú u sílẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, mo ń sọ “ó tó” fún un bí mo bá rí i tí Àbẹ̀kẹ́ mí. Láìpẹ́, ó ti ń mú ọwọ́ kúrò kí n tó la ẹnu. Ó ń rí ohun tí èmi ò rí. Òun ló sọ fún mi pé bí awọ tó wà lókè ojú rẹ̀ bá ti ká jọ díẹ̀, ẹ̀rù ti ń bọ̀ nìyẹn, ká má tilẹ̀ dúró de ọrùn. Lóòótọ́ sì ni, ìká awọ òkè ojú wà lára àmì ìnira tí àwọn dókítà ẹranko ń wò. Màlámù kò kà á níbì kankan.

Ohun tó bàjẹ́ lọ́jọ́ ọdún náà kò gba àkókò tó ti ìbẹ̀rẹ̀ kó tó tún ṣe. Ẹṣin tó ti mọ ọ̀nà ìfọkàntán rí máa ń tètè rántí rẹ̀, bó ṣe ń rántí ìrora.

Bí nǹkan ṣe wà báyìí nìyí. Màlámù nìkan ló ń di ìjánu Àbẹ̀kẹ́, kò sì nílò ẹni tó máa bá a dì í mú. Á dúró lápá ọ̀tún rẹ̀, á gbé irin sí àtẹ́lẹwọ́, ẹṣin náà á tẹ orí wálẹ̀, á fi ẹnu ara rẹ̀ gbà á. Àwọn ọmọ ọgbà lè fọwọ́ kan etí ọ̀tún rẹ̀. Ti òsì, ẹni méjì péré ló gbà fún, ọ̀kan sì ni ọmọkùnrin tó gé jẹ. Bí àgbà bá máa gùn ún, Màlámù á fi okùn fà á, a kì í fi okùn ìjánu lé oníbàárà lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ Ojúde Ọba kúrò lórí rẹ̀. Ìbọn tí wọ́n ń yìn lójú agbo níbẹ̀ kì í ṣe nǹkan tí mo lè sọ pé ó ti ṣe tán láti fara dà, Ẹ̀gbọ́n sì gbà pẹ̀lú mi. Kò tà á.

Dókítà ti padà wá wo eyín àwọn ẹṣin yòókù nínú ọgbà náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, títí kan àwọn tí wọ́n ń pè ní onísùúrù, ló ní ọgbẹ́ lẹ́nu. Màlámù ti mú àpótí ìjókòó lọ sọ́dọ̀ èyí tó burú jù nínú wọn, akọ dúdú kan tí kì í jẹ́ kí wọ́n wẹ ojú rẹ̀.